Bọ́ńpà Mọ́tò Bàbá Mi

Mọ́tò bàbá mi máa ń kó ìtìjú bá mi. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dára, bàbá mi kì í fi ọ́ìlì rẹ̀ ṣeré, ṣùgbọ́n oòrùn ti jẹ gbogbo rọ́bà dúdú ara rẹ̀: bọ́ńpà iwájú àti ti ẹ̀yìn, àti èyí tó gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn kọjá. Gbogbo wọn ti ṣí, wọ́n funfun bí ẹsẹ̀ ọmọ tí kò rí ìpara nígbà ọyẹ́.

Láti Ìkìrun ni bàbá mi ti wá sí Ọ̀tà nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun aṣọ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Èmi ni àbíkẹ́yìn, èmi nìkan ló kù sílé pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́yìn tí màmá wa kú. Láràárọ̀ ló máa ń gbé mi lọ síléeṣẹ́ ọṣẹ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà Ìdírókò. Tí a bá ti kọjá Ìyànà Ìyẹsí, màá ní, "Bàbá, ẹ já mi síbí. Mo fẹ́ fẹsẹ̀ rìn díẹ̀." Irọ́ ni. N kò fẹ́ kí àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ rí mọ́tò náà ni.

Nígbà tí ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́ sọ pé àwọn òbí òun ń bọ̀ wá mọ ilé wa, mọ́tò yẹn ni mo kọ́kọ́ rò. Ní Sátidé tó ṣáájú, bàbá mi wọ bọ́ọ̀sì lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìgbẹ́sà. Mo yá ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná níbi iṣẹ́, èyí tí a fi ń mú kí ọ̀rá lẹ̀ mọ́ ìdì ọṣẹ. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì fọ rọ́bà náà, mo jẹ́ kó gbẹ, mo wá ń fẹ́ ooru sí i díẹ̀díẹ̀. N kò jẹ́ kó pẹ́ lójú kan, kó má baà yọ́. Ibi tí ooru bá ti gbà kọjá ni dúdú ti ń jáde, bí ìgbà tí èèyàn fi òrí para. Lẹ́yìn náà ni mo fi epo dúdú tí mo rà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Ṣàngó nù ún. Ẹ̀yìn ń dùn mí nígbà tí mo parí, ṣùgbọ́n mọ́tò náà ń dán.

Bàbá mi dé, ó dúró lẹ́nu géètì.

"Mọ́tò ta nìyí?"

"Tiyín ni, Bàbá. Mo tún un ṣe fún yín."

Ó sún mọ́ ọn, ó fọwọ́ pa bọ́ńpà náà láti etí kan dé èkejì. Ó ní Ọlọ́run yóò tún ayé tèmi náà ṣe. Ó gbàdúrà títí, mo ń ṣe àmín, mo sì mọ̀ nínú ara mi pé kì í ṣe nítorí rẹ̀ ni mo ṣe é.

Àwọn àna mi wá, wọ́n jẹun, wọ́n lọ. Kò sí ẹni tó tilẹ̀ wo mọ́tò.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, bàbá mi lọ kírun ní mọ́ṣáláṣí kan nítòsí Ṣàngó. Nígbà tí mo dé láti ibi iṣẹ́, mo bá a lórí àga, orí rẹ̀ ṣófo láìsí fìlà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Ọkùnrin ará àdúgbò wa kan jókòó tì í. Ó pè mí síta.

"Díẹ̀ ló kù kí wọ́n lu bàbá ẹ ṣe léṣe," ó wí.

"Kí ló ṣe?"

"Mọ́tò olómọ́tò ló ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀. Ẹni tó ni ín dé, ó figbe olè ta. Kí n tó débẹ̀, wọ́n ti gbá a létí lẹ́ẹ̀mejì."

Mo wọlé, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ ò dá mọ́tò yín mọ̀ ni?"

"Irú ẹ̀ pọ̀ níbẹ̀," ó wí. "Aláwọ̀ eérú ni gbogbo wọn. Bọ́ńpà tó funfun yẹn ni mo fi ń mọ tèmi. Mo rí ọ̀kan tó funfun, mo ní òun nìyẹn. Mo ti gbàgbé pé o tún un ṣe."

"Nọ́ńbà ara ẹ̀ ńkọ́?"

"Mi ò kí ń rí nọ́ńbà mọ́."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀."

Ẹni tó ń wa mọ́tò gbé mi láràárọ̀! Mo wá rántí iye ìgbà tó ti bi mí pé, "Kí ni wọ́n kọ sára pátákó yẹn?" tí mo fi ìkanra dá a lóhùn, tí n kò gbé ojú kúrò lára fóònù mi.

Mo mú un lọ sílé ìwòsàn. Dókítà ní àìsàn ojú tí kì í dunni ni, tó ń jí ìríran kó díẹ̀díẹ̀. Èyí tó ti lọ kò lè padà wá. Oògùn kíkán sójú ló máa dá ìyókù dúró. Bàbá mi kó kọ́kọ́rọ́ fún mi lọ́jọ́ náà, kò sì béèrè rẹ̀ mọ́.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù ni pé gbogbo ẹni tó bá wá kí i ló ń sọ fún pé ọmọ òun sọ mọ́tò òun di tuntun. Nígbà tí n kò lè gbà á mọ́ra mọ́, mo jẹ́wọ́ fún un lálẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìrun Màǹgàríbì. Mo ní ìtìjú ló mú mi ṣe é, mo ní èmi ni mo fi í sí ọwọ́ àwọn tó gbá a létí.

Ó bi mí pé, "Ṣé mọ́tò nìkan ló ń kó ìtìjú bá ẹ ni, àbí èmi náà wà níbẹ̀?"

"Mọ́tò nìkan ni, Bàbá."

Ṣùgbọ́n mo ti ronú kí n tó sọ ọ́, ó sì mọ̀ pé mo ronú. Kò bínú, kò sì sọ pé òun dárí jì mí. Ó gbé orí sẹ́yìn lórí àga, ó ní àsìkò oògùn ti tó. Mo kán an, ṣùgbọ́n ẹ̀kán kìíní bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó ní kí n rọra ṣe é, kí n kán òmíràn.