Iyọ̀ Àdúrà Màámi

Òórùn òkun ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn ní pálọ̀ àbúrò mi n'Ìjẹ̀bú-Òde, ìlú tí òkun kò sí rárá. Inú àpótí gíláàsì ńlá kan ló ti ń wá, níbi tí ẹja kékeré méjì aláwọ̀ ọsàn ti ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi iyọ̀ tí àbúrò mi fúnra rẹ̀ pò. Nígbà tí wọ́n dá a dúró sí ọsibítù n'Íbàdàn fún iṣẹ́ abẹ, èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fa àpótí náà lé lọ́wọ́. "Omi ni ooru ń gbé lọ, Àǹtí mi, iyọ̀ kì í lọ," ló wí. "Tó bá ti fà, omi lásán ni kẹ́ ẹ fi kún un." Ojoojúmọ́ ló ń pè mí, ẹja ló sì máa ń kọ́kọ́ béèrè. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹja nìkan. Ó fẹ́ mọ̀ pé nǹkan kan ṣì ń dúró dè é nílé.

Nígbà tí iṣẹ́ abẹ ku ọ̀la, màámi wọlé láti Ayépé wá bá mi nílé àbúrò mi kí a lè jọ gbéra lọ sí Ìbàdàn láàárọ̀. Mo wà ní kíṣìnì, mo ń gbọ́ tí wọ́n ń gbàdúrà ní pálọ̀, mo sì ń ṣe àmín láti ibẹ̀. Àmín ńlá ni mo ń ṣe o. Nígbà tí mo jáde sí wọn, ọ̀rá iyọ̀ tó ti ṣófo ló wà lọ́wọ́ wọn.

"Omi ẹ̀ ti fà," ni wọ́n wí. "Mo bá fi iyọ̀ sí i. Ayé ọmọ mi á dùn."

Mo ti òṣùwọ̀n tó ń wọn iyọ̀ bọ omi, iyọ̀ ti kọjá ààlà. Àwọn ẹja ti fara ti igun kan, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ kì í sọ sí ìyá dé ẹnu mi, mo gbé e mì. N kò lè da omi lásán lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ara ẹja kò gba ìyípadà òjijì. Mo ń fi kọ́ọ̀bù bu omi iyọ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀, mo ń fi omi lásán dípò rẹ̀. Ibẹ̀ la wà tí iná fi lọ. Pọ́ńpù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sómi dákẹ́, jẹnẹrétọ̀ sì kọ̀, kò jí.

"Màámi, ẹ máa bù ú, kẹ́ ẹ máa dà á padà láti òkè kí atẹ́gùn lè wọ̀ ọ́, bí ẹ ṣe máa ń da tíì wa láti kọ́ọ̀bù dé kọ́ọ̀bù kó lè tutù."

Wọ́n tú gèlè sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọn kò gbàdúrà mọ́. Fóònù mi dún.

"Àǹtí mi, àwọn ẹja ńkọ́?"

Irọ́ ti dé ètè mi kí màámi tó gba fóònù. "Ọmọ mi, èmi ni mo da iyọ̀ sí i. Àdúrà ni mo ń gbà fún ẹ."

Àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí àìsàn ti dé. "Màámi, ṣé ẹ fẹ́ fi wọ́n se ọbẹ̀ ni?"

Iná dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn ẹja yè. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, àbúrò mi náà yè, màámi ò sì gbà pé ọ̀tọ̀ ni ọ̀kan sí èkejì.

Inú bí mi sí wọn lọ́jọ́ yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àbúrò mi bí ọmọ, tí wọ́n gbé àwo iyọ̀ fún màámi láti fi súre níbi ìsọmọlórúkọ, wọ́n bu díẹ̀, wọ́n wò ó, wọ́n sì gbọn ìdajì rẹ̀ padà sínú àwo. Èmi àti àbúrò mi wo ara wa. Ìfẹ́ kan náà ni, wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń bù ú.

"Ó ti tó," ni wọ́n wí, wọ́n sì fi kan ọmọ lẹ́nu.