Nítorí Ẹ́ńjìnnì Bàbá Mi

Òórùn bẹntiróòlù kì í kúrò lára aṣọ bàbá mi. Ìyé mi a fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, wọn a sá a sínú oòrùn, síbẹ̀ bí bàbá mi bá ti gbé e wọ̀, òórùn náà a tún dé. Apẹja òkun ni wọ́n, ní Ararọ̀mí, níbi tí ìgbì ti ń jẹ ilẹ̀ wa díẹ̀díẹ̀. Ilé tí wọ́n bí mi sí ti wọ omi kí n tó mọ̀wé kà. Èyí tí a tún kọ́, a tú pákó rẹ̀, a sì gbé e sẹ́yìn nígbà tí mo wà ní girama. Ohun tí òkun kò tíì rí gbà lọ́wọ́ wa ni ọkọ̀ bàbá mi àti ẹ́ńjìnnì tó wà ní ìdí rẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń bọ́ wa. Bí wọ́n bá ti òkun dé, wọn a fi aṣọ bò ó bí ẹni ń bo ọmọ.

Agùnbánirọ̀ kan ni ó kọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà hàn mí. Ìlú òkè ni wọ́n ti wá, ẹ̀rù omi sì ń bà wọ́n débi pé, bí wọ́n bá wọ ọkọ̀, wọn a dijú títí a ó fi gúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, kò sí ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù mọ́. Wọ́n kọ́ mi bí a ti ń kọ àṣẹ fún ẹ̀rọ náà kí ó lè ṣe ohun tí a fẹ́. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ mú kí àwòrán ọkọ̀ kékeré kan rìn lójú kọ̀ǹpútà, mo sáré lọ pe Ìyé mi nídìí ẹja tí wọ́n ń yan. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ó dáa. Ẹja inú rẹ̀ dà?"

Nígbà tí mo ṣe tán ní girama, agùnbánirọ̀ yìí ní kí n má fi mọ sí ilé-ìwé ìtòsí. Wọ́n ràn mí lọ́wọ́, a wá àyè sí yunifásítì ńlá méjì lókè òkun, ọ̀kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan ní Amẹ́ríkà, irú èyí tí ọmọ ọba àti ọmọ olówó ń jà du. A tún wá àyè sí ẹ̀kẹta nílé níhìn-ín, yunifásítì tuntun kan ní ìlú òkè, tí ènìyàn kò tíì mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Àfi kí n wọ ọkọ̀ lọ sí Igbókọ̀dá kí n tó mọ̀ bóyá wọ́n ti fèsì.

Wọ́n gbà mí ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn tòkè òkun ní àwọn yóò san èyí tó pọ̀ nínú owó mi, ṣùgbọ́n ìyókù àti owó ọkọ̀ òfuurufú di ọwọ́ àwọn òbí mi. Yunifásítì tuntun ní tirẹ̀ ní òun yóò san gbogbo rẹ̀, ilé, oúnjẹ, títí dórí kọ̀ǹpútà tí n ó máa lò, bí mo bá ti lè wá kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ àwọn.

Inú ìlú dùn. Wọ́n ń kí Ìyé mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń pè mí ní ará Amẹ́ríkà, èmi náà kò sì kọ̀ ọ́. Mo dúró níwájú dígí, mo ń pe orúkọ ilé-ìwé náà bí òyìnbó ti ń pè é, mo ń yí ètè, mo ń fi imú sọ̀rọ̀. Mo tilẹ̀ ń gbọ̀n nínú oòrùn ọ̀sán, mo ní mò ń fi òtútù ibẹ̀ kọ́ra.

Àfi bí mo ṣe bá ọkùnrin ará Zion Pepe kan létíkun lọ́jọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sídìí ẹ́ńjìnnì bàbá mi, ó ń tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni ń ra màlúù. Bàbá mi dúró tì í, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún mi, mo sì mọ̀ pé nítorí owó ilé-ìwé mi ni wọ́n ṣe fẹ́ tà á. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fojú inú rí bàbá mi tí wọ́n ń fi àjẹ̀ tu ọkọ̀ kiri inú odò kékeré bí ọmọdé, tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ń rẹ́rìn-ín. Mo pe agùnbánirọ̀ mi lórí fóònù, torí wọ́n ti parí ìsìn wọn, wọ́n ti lọ. Wọ́n ní, "Má kánjú. Kọ́kọ́ bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀ ná." Mo ní mo ti gbọ́. N kò gbọ́. Yorùbá ní ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun orí igi kò lè rí i. Èmi ti gun orí igi àgbọn tèmi, ó sì dá mi lójú pé mo rí gbogbo ayé láti ibẹ̀.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, mo bá àwọn elẹ́ja lọ sí Igbókọ̀dá. Mo sọ fún yunifásítì ńlá méjèèjì pé mo dúpẹ́, n kò ní lè wá. Mo sọ fún ẹ̀kẹta pé mò ń bọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ń gbé mi padà, mò ń sunkún, ṣùgbọ́n ẹkún adùn ni, irú èyí tí ènìyàn máa ń sun nígbà tó bá rò pé òun ti di ẹni rere.

Bàbá mi ń tún àwọ̀n ṣe lẹ́nu ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, mo ti yàn. Ẹ má ta ẹ́ńjìnnì mọ́. Ibi tí wọ́n ti fẹ́ san gbogbo rẹ̀ ni mò ń lọ."

Ọwọ́ wọn dúró. "O ti fèsì fún wọn?"

"Mo ti fèsì, Bàbá."

"Àwọn tòkè òkun ńkọ́?"

"Mo ti ní n kò wá mọ́."

Wọ́n gbé àwọ̀n náà kalẹ̀. "O kò bi mí," ni wọ́n wí.

Ìyé mi ló ṣàlàyé fún mi nígbà tó yá. Ó ti pẹ́ tí òkun ti sú bàbá mi. Èjìká ń dùn wọ́n, ìgbì sì ń le sí i. Wọ́n ti bá àbúrò wọn ní Igbókọ̀dá sọ ọ́ pé àwọn yóò jọ máa sin ẹja nínú adágún. "Ìdí tí wọn ó fi kúrò ni wọ́n ń wá," ni Ìyé mi wí. "Ọkùnrin ibí kì í ṣàdédé sọ pé òkun ti sú òun. Ìwọ ni wọ́n fẹ́ fi ṣe ìdí."

Mo tún kọ̀wé sí àwọn ilé-ìwé méjèèjì. Ọ̀kan ní àyè mi ti di ti ẹlòmíràn, èkejì kò dáhùn.

Yunifásítì tuntun náà kò burú. Àwọn olùkọ́ mọ iṣẹ́ wọn, mo sì ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n torí pé ẹ́ńjìnnì ṣì wà, bàbá mi ṣì ń lọ sókun. Lọ́dún tí n ó jáde, ìjì bá wọn lọ́hùn-ún. Ọkọ̀ dojú dé, ẹ́ńjìnnì rì. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo ni wọ́n dì mú títí àwọn apẹja ìlú Molutehin fi rí wọn. Ẹ̀mí kò lọ, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún wọn kò tún gbé nǹkan mọ́. Wọ́n padà lọ sí Igbókọ̀dá náà, kì í ṣe bí ẹni tó yàn án, bí ẹni tí òkun lé ni. Nígbà náà, àbúrò wọn ti rí ẹlòmíràn tí wọ́n jọ ń sin ẹja.

Àkúrẹ́ ni mo wà báyìí, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo fi ń jẹun. Mo máa ń bá àwọn tó jáde ní irú ilé-ìwé ńlá wọ̀nyẹn ṣiṣẹ́ pọ̀, wọn kò gbọ́n jù mí lọ. Àwọn ènìyàn a máa tù mí nínú pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n omi yẹn kì í ṣe tèmi nìkan, èmi nìkan ni mo sì gbá a dànù.

Nígbà Kérésì tó kọjá, mo lọ kí àwọn òbí mi ní Igbókọ̀dá. Èmi àti bàbá mi jókòó síta, Ìyé mi ń ro púpurú nínú ilé. Mo ní, "Bàbá, nítorí yín ni mo ṣe ṣe é."

"Mo mọ̀," ni wọ́n dáhùn. "Ohun tí n kò fi rí ẹni bínú sí nìyẹn."

Ẹni tó ṣẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀, wọ́n sì ń dárí jì í. Ẹni tó ṣoore ńkọ́, kí ni yóò wí? Nígbà tí Ìyé pè wá wá jẹun, bàbá mi na ọwọ́ òsì sí mi, torí ọ̀tún kò ṣeé nà, mo sì fà wọ́n dìde.