Ìdí Ọkọ̀ ni Bàbá Mi Jókòó Sí

Ìwé tí àwọn ológun fún bàbá mi lẹ́yìn ogun abẹ́lé wà nínú férémù lára ògiri pálọ̀ wa ní Okumagba Layout, láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ó ṣáájú àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sọdá odò lójú ìbọn. Ìwé yìí ni mo fi ń halẹ̀ mọ́ àwọn ẹgbẹ́ mi nílé ẹ̀kọ́.

Lọ́dún tó kọjá, ìjọ wa fẹ́ dá bàbá lọ́lá. Pásítọ̀ ní kí n kọ ojú ewé kan tí wọn yóò kà lọ́jọ́ Ìsinmi. Bàbá ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ta ló mọ̀ bóyá irú rẹ̀ tún máa wáyé? Mo wọ ọkọ̀ ní Enerhen, ó di Otor-Udu, lọ́dọ̀ sájẹ́ńtì tó bá a sọdá odò náà. Urhobo ni, òun nìkan ló sì ṣẹ́kù nínú àwọn ọmọ ogun ọjọ́ yẹn.

Mo ní kó sọ bí bàbá mi ṣe ṣáájú wọn.

"Front ke? Na back your papa dey," ó wí. "Seven of us dey im front. Till today e dey pain me."

Orí mi dàrú. Bí mo bá kọ ohun tó wà nínú férémù, sájẹ́ńtì tí ìjọ ti pè yóò jókòó sínú ṣọ́ọ̀ṣì, yóò máa gbọ́ irọ́. Bí mo bá kọ tirẹ̀, mo ti fi ọwọ́ ara mi sọ bàbá mi di ojo. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń wo bébà funfun. Ìyàwó mi ní, "Ọ̀mọ̀wé, ṣé bébà yẹn ló ń kà yín ni?"

Nígbà tó sú mi, mo lọ bá bàbá.

"Bàbá, níbo lẹ jókòó sí nínú ọkọ̀ tí ẹ fi sọdá odò yẹn?"

"Ìdí ọkọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò jókòó síwájú?"

Ó wò mí bí ẹni ń wo ewúrẹ́ tó ń béèrè ọ̀nà ọjà. "Ta ni ìbá wá darí ọkọ̀? Èmi nìkan ni Ìlàjẹ nínú wọn. Àwọn yòókù ò mọ bí wọ́n ṣe ń di àjẹ̀ ìtukọ̀ mú. Nílé wa, ìdí ọkọ̀ ni olórí ń jókòó sí. Ìwọ ọmọ orí títì, níbo lo ti fẹ́ mọ̀ ọ́n?"

Ojú tì mí. Mo ránṣẹ́ pe sájẹ́ńtì, ó sì dé lọ́sàn-án Sátidé. Mo ṣàlàyé fún un. Ó yíjú sí bàbá.

"Oga, so na paddle make you sit for back?"

"Na paddle," ni bàbá wí. Ó mu omi díẹ̀. "But as una block me for front so, e sweet me small."

Sájẹ́ńtì rẹ́rìn-ín títí ó fi di àga mú. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé mi ti tún lọ́jú pọ̀.

"Bàbá, èwo wá ni kí n kọ?"

"Kọ ibi tí mo jókòó sí. Kọ pé àwa mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ la gúnlẹ̀ sí òdìkejì."

Mo wojú sájẹ́ńtì. "Na true," ó wí. "Bullet touch one for leg, but all of us reach."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́. Pásítọ̀ kà á, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìwà akin dà nínú èyí?" Mo ní kó ṣáà kà á bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, sájẹ́ńtì jókòó ti bàbá mi. Nígbà tí pásítọ̀ dé ibi ìdí ọkọ̀, àwọn àgbà Ìlàjẹ mi orí. Àwọn ará Ìjẹ̀bú inú ìjọ wa, tí wọn ò mọ àṣà ìdí ọkọ̀, ń wo ara wọn bóyá ó yẹ kí àwọn pàtẹ́wọ́. Èmi gan-an ò mọ̀. Sájẹ́ńtì ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.