Ihò Èéfín Ilé Òyìnbó tí A Kọ́ sí Jẹ́dà

Nínú gbogbo ilé tí mo ti yàwòrán rẹ̀ láyé mi, ọ̀kan ṣoṣo ló wọ́. Kì í ṣe pé mi ò mọṣẹ́ o. Ẹni tó ni ín ló ní kó wọ́.

Jẹ́dà ni, ó lé díẹ̀ lẹ́yìn ọdún 2010. Àdúgbò Al-Sabeel ni mò ń gbé, mò ń yàwòrán ilé fún kọngílá kan, mo ní ìkámà, ìyẹn ìwé ìgbélùú, mo sì ń fi í yangàn. Bàbá ọlọ́rọ̀ kan ló gbéṣẹ́ wá. Nígbà tó ń kàwé nílùú Òyìnbó, ó sun ọ̀sẹ̀ kan nínú ilé ńlá ayé àtijọ́ kan tó jẹ́ ti ìjòyè wọn, láti ìgbà náà ni ọkàn rẹ̀ ò ti kúrò níbẹ̀. Ó da fọ́tò ilé náà bò mí lórí Wọ́tsáàpù, ó ní bó ṣe wà gẹ́lẹ́ ni kí n ṣe é.

Bó ṣe wà gẹ́lẹ́ kẹ̀? Òrùlé ẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí òjò dídì lè máa yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, òjò dídì wo ní Jẹ́dà?" Ó ní bó bá ṣèèṣì wá lọ́jọ́ kan, kó má lọ sọ pé a ò retí òun. Ihò èéfín mẹ́fà ló tò sórí òrùlé yẹn, márùn-ún ò sì ní ààrò kankan nísàlẹ̀. Ẹyẹlé ló kó sínú wọn. Nínú fọ́tò, ọjọ́ orí ti mú kí ògiri apá òsì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo fi odidi ọjọ́ méjì nà án ró nínú àwòrán tèmi, àfi bí bàbá ṣe ń bú mọ́ mi pé ta ló ní kí n tọ́ ọ. Bírikìlà wá ń fi okùn ìwọ̀n kọ́ ògiri wíwọ́, ó ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé. A sọ ilé darúgbó lọ́jọ́ ìbí rẹ̀.

Èyí tó wá kọjá gbogbo rẹ̀ ni ààrò ìyáná inú gbọ̀ngàn. Ó ga débi pé èèyàn lè dúró nínú ẹ̀. Ta ló fẹ́ yáná ní ìlú tí omi ẹ̀rọ ti ń jó ni lọ́wọ́ lọ́sàn-án? Bàbá rò ó títí, ó ní ká fi éésì síbẹ̀. Páìpù éésì bá gba inú ihò èéfín lọ sórí òrùlé. Bí ẹ bá tan ààrò, òtútù ló ń mú yín.

Àlàájì kan ló ń ṣe pí-ó-pí àjà gbọ̀ngàn yẹn. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni, ó jù mí lọ dáadáa. Ó bá ìrìn-àjò úmúrà wá, kò padà sílé mọ́. Az-Zahir ní Mẹ́kà ló ń gbé, kò sì ní ìkámà rárá. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ níṣẹ́. Òdòdó tó bá fi pí-ó-pí ṣe, ó máa ń ṣe mí bíi kí n gbóòórùn ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń bà á lẹ́rù. Ìyá rẹ̀ ń bọ̀ wá ṣe hájì lọ́dún yẹn, ẹsẹ̀ ìyá ò ṣe é rìn mọ́, Àlàájì sì ti ṣèlérí pé ọwọ́ òun ni òun máa fi ti àga oníkẹ̀kẹ́ ìyá yí Káábà ká lẹ́ẹ̀meje. Bí wọ́n bá mú un ṣáájú, Nàìjíríà ni wọ́n máa dá a padà sí, àlejò ló sì máa ti ìyá rẹ̀. "Ẹnjiníà," ló máa ń wí fún mi, "ṣáà bá mi gbàdúrà." Kirisitẹni ni mí, inú yàrá la ti máa ń jọ́sìn jẹ́jẹ́, mo sì máa ń dárúkọ rẹ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun alásárì, ẹnì kan sáré wọlé pé àwọn tó ń yẹ ìwé wò ti dé ẹnu ọ̀nà. Àlàájì wo ilẹ̀kùn, ó wo fèrèsé. Fèrèsé ilé àtijọ́ kò ju ojú abọ́ lọ. Ló bá kó sínú ààrò, ó gun páìpù éésì lọ sókè.

Wọ́n yẹ ìwé àwa yòókù wò lójúde. Wọn ì bá lọ jẹ́jẹ́. Àmọ́ bàbá onílé wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí í dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ tí kì í fi ilé hàn án. Ó di ọ̀gá wọn lọ́wọ́ mú, ọkùnrin kan tó ti ń hewú, ó fà á wọlé, ó ní kí n máa bọ̀ wá ṣàlàyé. Mo ṣàlàyé pákó ara ògiri. Mo ṣàlàyé àjà. Nígbà tá a dé iwájú ààrò, ọ̀gá náà ní, "Ààrò? Ní Jẹ́dà?" Inú bàbá dùn, ó ní kó dúró ná, ó tẹ rìmóòtù.

Wọn ò tí ì dí ojú páìpù yẹn dáadáa. Èmi ló sì yẹ kí n ti sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá. Atẹ́gùn tútù bá tú sókè, ìyẹ̀fun pí-ó-pí ń gbọ̀n wálẹ̀, la bá gbọ́ tẹ́nì kan sín kíkan kíkan lókè. Ohùn kan tó mọ́ kedere sì tẹ̀ lé e: "Alihamudulilahi."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo yára fọwọ́ bo imú, mo ń fa imú bí ẹni pé èmi ni mo sín. Ọ̀gá kọjú sí mi, ó sì ṣe ohun tí ẹ̀sìn wọn ní ká ṣe fún ẹni tó bá sín tó dúpẹ́. Ó ní, "Yarihamukalahu," kí Ọlọ́run ṣàánú mi. Ó wá dúró. Ìdáhùn kan kù tí ẹni tó sín gbọ́dọ̀ fún un padà. Agboolé tí wọ́n bí mi sí, ìdajì wọn Mùsùlùmí ni, mo ti gbọ́ ìdáhùn yẹn láìmọye ìgbà, kò wá sí mi lẹ́nu. "Àmín," ni mo wí. Ó ṣì ń wò mí. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Inú bí mi sí ara mi.

Àlàájì ò sì lè jẹ́ kí àdúrà jábọ́ sílẹ̀. Ó dáhùn láti inú ihò èéfín: "Yahidikumulahu, wa yusilihu baalakum." Kí Ọlọ́run tọ́ yín sọ́nà, kó sì tún ọ̀ràn yín ṣe.

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀, ó ki orí bọ ààrò, ó wòkè. Ó pẹ́ níbẹ̀. Àwọn méjèèjì ń sọ Lárúbáwá wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo rí gbọ́ láti inú ihò náà ni "ummi", ìyá mi. Nígbà tó yọrí, gbogbo fìlà rẹ̀ ti funfun. Ó sọ fún bàbá onílé pé, "Ilé rẹ lẹ́kọ̀ọ́. Tèmi kì í dáhùn." Ó wá rọra sọ fún mi pé kí n sọ fún ihò èéfín náà pé òun ti gbọ́ ìlérí rẹ̀, òun ń retí rẹ̀ ní ọ́fíìsì tó bá di ẹ̀yìn hájì. Ó kó àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n lọ.

Hájì dé. Kirisitẹni kì í wọ Mẹ́kà, nítorí náà orí fóònù ni mo ti gbọ́ ohùn ìyá. Wọ́n ní, "Ó tì mí yí i ká lẹ́ẹ̀meje, ọmọ mi. Mo ní kó jẹ́ kí ẹlòmíì gbà á, ó lóun ò gbà."

Ìyá padà sílé. Mo sọ fún Àlàájì pé kẹ́ ẹ jẹ́ ká gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó mọ ibi tẹ́ ẹ̀ ń gbé, àjà yàrá mélòó kan ṣì ń dúró dè yín. Ó wò mí bí ẹni tí mo bú. Ó ní, "Ọ̀gá yẹn bi mí pé ṣé màá wá. Mo ní màá wá." Ó wọ jalabíà tó mọ́, ó wọ bọ́ọ̀sì wá láti Mẹ́kà, mo sì sìn ín dé ibi tí wọ́n ti ń dá èèyàn padà. Akọ̀wé ìdí kántà bi í pé ta ló mú un.

Àlàájì ní, "Kò sẹ́ni tó mú mi."

Akọ̀wé náà yẹ fọ́ọ̀mù rẹ̀ wò níwájú, ó yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, kò rí ibi tó máa kọ ìyẹn sí.