Ọwọ́ Tó Ba Wàrà Jẹ́

Ìkà ni mí lọ́jọ́ náà, mo sì mọ̀. Mo tètè ń sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí wẹ ara mi mọ́. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni mo fi ń retí ọjọ́ tí obìnrin kan máa dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, tí kò ní rí ẹlòmíràn sá tọ̀ àfi èmi. Nígbà tí ọjọ́ náà dé, mi ò jẹ́ kó lọ lásán.

Àǹtí ni gbogbo wa ń pè é nínú ilé tí a jọ ń gbé ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Kò bá mi tan. Wàrà olómi ló ń tà, èyí tí wọ́n fún lára màálù láàárọ̀ kùtù ní ọgbà màálù kan lọ́nà Ọ̀yọ́. Wọ́n á rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, wọ́n á fi àpò tí wọ́n rẹ sómi wé e, bọ́ọ̀sì á sì gbé e wá bá wa ní gáréèjì Jíbówú. Àwọn tó ń po fúrà ló ń rà á lọ́wọ́ Àǹtí. Èmi ni mo ń bá a ṣiṣẹ́. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí nígbà náà, mo ti jáde ìwé, iṣẹ́ kò sí, mo sì fẹ́ràn iṣẹ́ wàrà yẹn ju bí mo ṣe ń jẹ́ kí wọ́n mọ̀ lọ.

Kí wàrà tó dé ọ̀dọ̀ wa, á ti máa lọ́ wọ́ọ́rọ́. Iṣẹ́ tó kù ni pé ká tètè yọ ooru yẹn kúrò kó tó kan. Màá da omi àti yìnyín sínú ọpọ́n ńlá, màá gbé ìkòkò wàrà sáàárín rẹ̀, màá máa rò ó pẹ̀lú ṣíbí gígùn láìdúró. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Mo máa ń gbé e lé ara ìkòkò níta, tí òtútù bá ti wọ egungun mi, ó ti tó gbé sínú fírísà nìyẹn. Òfin kan wà tí a ò gbọdọ̀ rú: wàrà òní kò gbọdọ̀ kan wàrà àná àfi tí òun náà bá ti tutù tó o. Tí a bá da gbígbóná lé tútù, gbogbo rẹ̀ ló máa kan.

Àǹtí ló kọ́ mi lófin yìí, òun náà ló sì rú u. Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, ó ń kánjú lọ síbi yìgì, ìkòkò kò sì tó. Mo ti lọ ra yìnyín ní Pápá Àjàó. Nígbà tí mo dé, ó ti da gbogbo wàrà tuntun lé èyí tó wà nínú fírísà.

"Àǹtí, ṣé ó ti tutù kẹ́ ẹ tó dà á sí i?"

"Ó ti tutù jàre. Da yìnyín sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, má fi mí ṣeré."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, wàrà ti dì sókè, omi rẹ̀ ti yà sísàlẹ̀, òórùn rẹ̀ sì ti gba ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn oníbàárà dúró níta pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì òfìfo lọ́wọ́ wọn. Àǹtí wò mí, ó wo àwọn, ó sì ṣe bíi pé àánú mi ń ṣe é.

"Ẹ má bínú. Ọwọ́ ọmọ yìí ni. Ọwọ́ ẹ̀ ò dáa. Ohun tó bá ti fọwọ́ kàn, bíbàjẹ́ ló máa bàjẹ́."

Tí o kò bá gbé láàárín oníṣòwò rí, o lè máa rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán nìyẹn. Ní àdúgbò wa, olúkúlùkù ló ń ṣọ́ ẹni tó máa kọ́kọ́ ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀. Tí ọwọ́ onítọ̀hún bá dáa, ọjà á yá títí dalẹ́. Tí kò bá dáa, wọ́n á jókòó máa lé eṣinṣin. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó gbà kí n kọ́kọ́ ra nǹkan lọ́wọ́ òun mọ́. Oníbúrẹ́dì á ní búrẹ́dì kò tíì dé, búrẹ́dì á sì wà níwájú rẹ̀ tí èéfín ń jáde lára rẹ̀. Ìyá ọlọ́ṣẹ òdìkejì á bẹ̀rẹ̀ sí í to ọṣẹ tó ti tò tẹ́lẹ̀, kò ní gbójú sókè títí ẹlòmíràn á fi dé. Wọ́n sọ mí ní Ọlọ́wọ́-kíkan.

Mi ò bá Àǹtí ṣiṣẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n mi ò kó kúrò ládùúgbò. Kí n kó lọ síbo? Mo fẹ́ kí Àǹtí máa rí mi. Mo gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan sí ìparí òpópónà, ní òdìkejì ọ̀dọ̀ ìyá ọlọ́ṣẹ, mo ń ta yìnyín. Nígbà tó yá, mo ra sólà tó ń gbé fírísà mi. Wọ́n ń ra yìnyín lọ́wọ́ mi, torí iná ìjọba kì í dúró, ṣùgbọ́n orí tábìlì ni wọ́n ń fowó sí, wọn kì í fi lé mi lọ́wọ́. Tí Àǹtí bá ń kọjá, màá kúnlẹ̀ kí i dáadáa. Mo fẹ́ kí ìkíni náà máa gún un.

Nínú ààwẹ̀ tó kọjá, kí Áṣáàmù, ìrun ìṣínu, tó dé, kẹ̀kẹ́ márúwá kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Àǹtí sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì márùn-ún.

"Àbúrò mi, jọ̀ọ́. Fírísà mi ti kú. Bá mi mú wàrà yìí tutù, mọ́sálásí ló ni í, ìṣínu ni wọ́n fẹ́ fi ṣe."

Mo gbé àga fún un. Mo ní kí ó jókòó. Mo fi kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì níta, níbi tí oòrùn ń bọ̀.

"Àǹtí, ta ló ba wàrà ọjọ́ yẹn jẹ́?"

"Ọjọ́ wo?"

"Ẹ mọ ọjọ́ náà."

"Ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn. Wàrà ń gbóná o."

"Mo mọ̀ pó ń gbóná. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

Mo mú yìnyín kékeré kan nínú fírísà, mo ń fi ra ọwọ́ méjèèjì níwájú rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí ó fi yọ́ tán. Mo mú òmíràn. Oòrùn ti dé orí kẹ́ẹ̀gì. Àǹtí ń wò wọ́n, ó ń wò mí, òógùn ń ṣàn sínú ìborùn rẹ̀.

"Èmi ni," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Wọn ò gbọ́ lódìkejì, Àǹtí. Ìta lẹ ti sọ tèmi."

Oòrùn ti bo kẹ́ẹ̀gì márààrún kó tó dìde. Nígbà tó dìde, ó lọ dúró láàárín títì, ó sì pariwo.

"Ẹ gbọ́ o! Wàrà tó bàjẹ́ nígbà yẹn, èmi ni mo da gbígbóná lé tútù! Kì í ṣe ọwọ́ ọmọ yìí!"

Ìyá ọlọ́ṣẹ jáde síta. Oníbúrẹ́dì náà jáde. Mo ní kí Àǹtí tún un sọ. Ó tún un sọ. Ó dùn mọ́ mi débi pé mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kẹta.

Nígbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí kẹ́ẹ̀gì àkọ́kọ́. Òórùn kíkan ló kọ́kọ́ pàdé mi. Mo ṣí ìkejì. Mo ṣí gbogbo wọn. Mo ṣáà ń da yìnyín sínú ọpọ́n bíi pé ó ṣì lè ṣe nǹkan kan.

Àǹtí yọjú wo inú wọn. Mo ti múra ohun tí màá fi dá a lóhùn tó bá pariwo.

"Mo gbóòórùn wọn ní Jíbówú," ó ní. "Kò sí èyí tó kan nínú wọn."

Ó dé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pe kẹ̀kẹ́, ó lọ. Mo gbọ́ pé omi àti dàbínù ni wọ́n fi ṣínu. Mo tún gbọ́ pé nígbà tí wọ́n bi í léèrè, ó ní bọ́ọ̀sì ló pẹ́. Mi ò tíì lọ bẹ̀ ẹ́, mi ò sì lè sọ pé màá lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fẹ́ fọ ọpọ́n, mo lọ ra ọṣẹ. Ìyá ọlọ́ṣẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pàtẹ ni. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó sì na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí mi.

"Oníyìnyín wa, wá, wá fọwọ́ ẹ bá mi ṣí ọjà lónìí."

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń retí ọ̀rọ̀ yẹn. Owó wà lọ́wọ́ mi, ọwọ́ tó ba wàrà àná jẹ́. Mo dì í mọ́ àtẹ́lẹwọ́, mo sì ní kó jẹ́ kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ rà. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí obìnrin kan fi dé, tó ra tirẹ̀, tó sì lọ, kí n tó gbé owó mi sórí tábìlì.