Sinimá Tí Adùnọlá Wò Ní Dùgbẹ̀

Ọkọ Adùnọlá, tíṣà àgbà kan ní Bódìjà, ti kú láti ọdún mẹ́fà kó tó gbà láti bá Akínbíyì, ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ àtijọ́, lọ wo sinimá ní Dùgbẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé kan lọ́dún 1964. Ìyàwó Akínbíyì náà ti di olóògbé, ó sì ti sọ fún Adùnọlá nígbà Àjíǹde pé òun fẹ́ fi í ṣaya. Adùnọlá ò tíì fèsì.

Fíìmù òyìnbó kan nípa ayé àtijọ́ ni, aláwọ̀ mèremère. Ìyá àgbà kan ń ṣọ̀fọ̀ ọkọ rẹ̀ nínú ilé ńlá. Nígbà tó bọ́ aṣọ dúdú, tó wọ aṣọ pupa tó ń wọ́lẹ̀, tó sì ń bá ọkùnrin onírun ewú kan jó, Adùnọlá ò mọ ìgbà tó di ọwọ́ Akínbíyì mú.

Nígbà tí wọ́n jáde, Akínbíyì yíjú sí i.

“Ìyá Morẹ́nikẹ́, ṣó dùn mọ́ yín?”

“Bàbá Rẹ̀mí, mo rò pé àyà mi ò tún lè lù báyìí mọ́ nítorí ọkùnrin. Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ nígbà Àjíǹde, mo gbà.”

Akínbíyì bú sẹ́rìn-ín lójú títì, omi lójú rẹ̀. Oṣù Kejìlá ni wọ́n ṣègbéyàwó.