Àmì Tó Yọ Lórí Igbó Wa

Bí ọyẹ́ bá ti dé, tí òórùn koríko tó ń jóná gba gbogbo Òmù-Àrán, inú àwọn ará ilé mi máa ń dùn nítorí ẹran ìgbẹ́. Tèmi máa ń bàjẹ́ díẹ̀. O mọ̀ pé iṣẹ́ ológun ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n n kò sọ èyí fún ọ rí.

Nídìí rádà, ẹ̀rọ tó ń fi ohun tó ń fò lójú ọ̀run hàn, ni mo wà, nínú yàrá kan tó tutù débi pé a máa ń fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n fẹ́ tọ́jú wa bí ẹja ni. Láàárọ̀ Sátidé kan, àmì kan yọ lójú ẹ̀rọ. Ó dúró, ó rìn díẹ̀, ó pòórá, ó tún yọ. Kò sí bàálù kankan tó sọ fún wa pé òun ń bọ̀. Mo wo ibi tó wà. Ẹ̀yìn Àrán-Ọ̀rin ni, lórí igbó tí bàbá mi àti àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ wọn ti sọ fún mi pé àwọn máa sun lọ́jọ́ náà láti lé ẹran jáde.

Ọ̀gá wa, tí mo jù lọ́jọ́ orí, tẹ̀ síwájú lẹ́yìn mi, ó wo ẹ̀rọ. "Kí lèyí?"

Wọ́n ti kọ́ wa pé ọyẹ́ lè tan rádà jẹ, pé ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lè purọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ti nawọ́ gbé tẹlifóònù láti rán bàálù ogun lọ, nítorí àsìkò tí àwọn ajínigbé ń sá pamọ́ sínú igbó ni. Bàálù náà á bá bàbá mi pẹ̀lú ṣakabùlà léjìká. Ta ló máa ti òkè mọ ọdẹ yàtọ̀ sí ajínigbé? Fóònù mi sì wà lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, bí òfin ṣe wí.

Mo ní, "Ẹyẹ ni, sà. Àwọn ọdẹ ilé wa ń sun igbó lónìí. Bí iná bá ti ń jó, àwòdì á pé jọ sókè, wọ́n á máa wá eku àti tata."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, sà."

Kò dá mi lójú tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ó gbé tẹlifóònù sílẹ̀, ó kọ "ẹyẹ" sínú ìwé. Kò pẹ́ tí àmì náà fi lọ.

Nírọ̀lẹ́, mo pe bàbá mi, mo bi wọ́n bí iná ṣe jó.

"Iná wo? Afẹ́fẹ́ le jù, a sún un sí ọ̀la. Etí igbó la ro lónìí, kí iná má baà wọ oko olóko. Alihamudulilai, a parí ẹ̀."

Mo ní, "Ẹ ò rí nǹkan kan lókè?"

"Ọmọ mi, ẹni tó ń roko, ilẹ̀ ló ń wò."

Wọ́n máa ń ní àwòdì òkè kò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun. Lọ́jọ́ yẹn, ará ilẹ̀ kankan kò wòkè, àwòdì kankan kò sì sí níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n jí èèyàn gbé lójú ọ̀nà wa lẹ́yìn oṣù kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bó bá jẹ́ ohun tó ń gbé ìbọn wá fún àwọn ajínigbé náà ni mo jẹ́ kó kọjá ńkọ́? N kò mọ̀ ọ́n di òní. Orí ibùsùn ni bàbá mi kú sí, láàárín àwọn ọmọ wọn, láìmọ̀ nǹkan kan. Ìyẹn ni mo máa ń rántí bí òórùn koríko bá dé, ó sì máa ń dùn mí pé bí ọ̀gá bá tún bi mí lónìí, ẹyẹ náà ni màá sọ.